Omi Tí Mùsílímátù Tọ́ Wò

Mùsílímátù ń yan ẹja ní etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà. Ilé ọkọ rẹ̀ ni ó ń gbé. Iwájú ilé kọjú sí títì, ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí omi. Ààrò tí ó fi ń yan ẹja wà láàárín ẹ̀yìn ilé àti omi. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, páànù ni wọ́n fi bò ó. Bí ọkọ rẹ̀ bá gúnlẹ̀ láàárọ̀, ẹja kì í rìn jìnnà kí ó tó bá iná.

Ọkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bísíríyù. Apẹja ni. Èmi ni mo kan ọkọ̀ tí ó fi ń pẹja. Kápẹ́ńtà ọkọ̀ omi ni mí ní Èbúté Ìkòròdú, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ wọ́n.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ilẹ̀ sán ní ẹ̀yìn ilé wọn. Ó sán láti ẹ̀gbẹ́ ààrò títí dé ìdí igi àgbọn. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, n kò kan ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ ńlá kan wà lójú omi níbẹ̀, ó ń fa yanrìn láti abẹ́ omi. Ó ti ń fà á láti ọdún tó ṣáájú. Kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tó ni ín.

Balqees, ọmọbìnrin wọn, ni ó kọ́kọ́ pariwo. Ó ń gbé ní Ìtamágà ní Ìkòròdú pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, wọ́n háyà ilé níbẹ̀. Ó wá kí àwọn òbí rẹ̀, ó rí ilẹ̀ tó sán, ó ní kí àwọn méjèèjì di ẹrù wọn kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun.

Bísíríyù ní, "Ilẹ̀ máa ń sán lẹ́ẹ̀rùn. Bí òjò bá dé, á pa ẹnu dé."

"Dádì, ẹnu tó tóbi báyìí?"

"Tìrẹ náà tóbi. Ó sì máa ń pa á dé."

Mùsílímátù kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó ní òun yóò tẹ̀ lé Balqees lọ sí Ìtamágà, òun yóò sì padà wá tọ́ omi wò nígbà òjò. Ohun tí òun bá rí nígbà náà ni àwọn yóò ṣe.

Kí n ṣàlàyé. Ní ilé Bísíríyù, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, omi òkun á wọ inú ọ̀sà, ọ̀sà á ní iyọ̀. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, omi odò á ti iyọ̀ náà jáde. Obìnrin tó dàgbà jù nínú ilé á wá wọ omi dé orúnkún. Á bu omi sẹ́nu, á sì sọ bí ó ti rí. Bí ó bá ní ó dùn, ọdún ti yí nìyẹn. Wọ́n á pààrọ̀ àwọ̀n, wọ́n á tún ààrò ṣe, ẹni tó kúrò nílé á padà. Ọ̀rọ̀ tó bá sọ níbẹ̀, kò gbọdọ̀ kó o jẹ títí òjò yóò fi lọ. Mùsílímátù ni ó ń ṣe é láti ìgbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ ti kú.

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ kí ó tó wọ mọ́tò pé, "Bí omi ò bá padà bọ̀ sípò, èmi fúnra mi ni màá fà yín jáde níbí. Ẹ mọ̀ pé mo lè fà yín."

Bísíríyù ní, "Mo mọ̀. Ohun tí o bá sọ ni màá ṣe, Ìyá Balqees."

Ó sọ ọ́ lójú Zikrullah àbúrò rẹ̀, tí ilé tirẹ̀ fara ti ilé wọn. Nítorí náà ẹnu Mùsílímátù ni ẹ̀mí Bísíríyù wà. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Balqees mọ̀ ọ́n.

Ní Ìtamágà, ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan wà. Bí àwọn ọmọdé bá ti lọ sílé lọ́sàn-án, Adéòjó máa ń kọ́ àwa àgbàlagbà ní òyìnbó níbẹ̀. Orí àga àwọn ọmọdé ni a máa ń jókòó sí, orúnkún wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Adéòjó jẹ́ ọmọ Ṣakí, kò tíì tó ogójì ọdún, ṣùgbọ́n Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Nítorí ọmọ-ọmọ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe lọ. Toyyibah, ọmọ Balqees, òyìnbó nìkan ni ó ń sọ. Mùsílímátù ní òun kò lè máa fi ọwọ́ júwe fún ọmọ tí òun bí ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà kọ differ, change, alter àti vary sára bọ́ọ̀dù.

Ó ní, "Ẹ̀yin òbí mi, bí ẹ bá gbọ́ àwọn wọ̀nyí, ẹ ó kàn sọ pé ó yàtọ̀, tàbí ó yí padà. Òyìnbó pín in. Differ, nǹkan méjì ni. Ẹ gbé wọn síra, wọn ò jọra. Ti ìsinsìnyí ò jọ ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn ni change."

Mùlíkátù wà ní kíláàsì. Aṣọ ni ó ń rán ní Benson, ní Ìkòròdú náà. Ó ní, "Alter yẹn, ṣé òun ni a ń pè ní amẹ́ńdì?"

"Wọ́n sún mọ́ra, Màmá. Amend, kó lè dára sí i ni. Alter, ẹ kàn fọwọ́ kàn án ni, ẹ gbà á wọlé ní ínṣì kan, ẹ tú u létí. Ó lè dára, ó lè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n aṣọ náà ṣì ni."

Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Ti Mùlíkátù kì í ṣe aṣọ náà mọ́. Mo gbé gbérí fún un, mo gba bùbá."

"Ṣé mo fi tipátipá wọ̀ ọ́ sí ẹ lọ́rùn ni?"

A rẹ́rìn-ín. Tíṣà ní ó ku vary. Ó ní ohun tí kì í dúró sójú kan ni. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ń pọ̀, ó ń dín.

Mùsílímátù na ọwọ́. "Bí iyọ̀ ọ̀sà."

Tíṣà kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ó ní kí ó sọ fún òun. Mùsílímátù sọ ọ́ bí mo ti sọ ọ́ lókè yìí. Ó sọ nípa ewé tó máa ń bo ojú omi nígbà òjò, tí iyọ̀ á sì pa á lẹ́ẹ̀rùn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, kò yẹ̀ rí.

Tíṣà ní, "Ẹ gbà á, Màmá. Vary gan-an nìyẹn. Èmi ni mo yẹ kí n sanwó ilé-ẹ̀kọ́ fún yín."

Láti ọjọ́ náà ni Mùsílímátù ti ń fi ọ̀rọ̀ náà pín gbogbo ayé. Ọbẹ̀ Balqees ń vary. Ọkọ Balqees náà ń vary, ó ń rẹ́rìn-ín ní Sátidé, kò mọ ẹnikẹ́ni ní Mọ́ńdè. Ìmáàmù àdúgbò wọn ni ó change, láti ìgbà tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ gbohùn-gbohùn fún un.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà lọ́kàn rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, bí a ti ń dìde, ó bi Tíṣà léèrè.

"Tíṣà, ilé mi ní Ẹ̀pẹ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sán. Èwo ni ká pe ìyẹn? Ṣé vary ni àbí change?"

"Màmá, èmi ò mọ omi. Odò tó wà nílé wa, ẹsẹ̀ la fi ń kọjá rẹ̀."

"Mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ ni mo bi yín, n ò bi yín ní omi."

Tíṣà ronú. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ náà kì í dá dúró. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú nǹkan kan. Kí ni ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, omi ni àbí ilẹ̀?"

Mùsílímátù rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará òkè. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí omi bá ṣe ni ilẹ̀ ń ṣe."

Tíṣà kò bá a jiyàn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu bọ́ọ̀dù. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ará etí omi máa ń sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́ rí.

Lójoojúmọ́, lẹ́yìn Màgàríbì, ó máa ń pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Ilẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ṣé ó fẹ̀ sí i?"

"N kò wọ̀n ọ́n."

"Ọkọ̀ yanrìn ńkọ́?"

"Ó ń fà."

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ó rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí. Ní ọjọ́ kan, Bísíríyù ni ó pe fóònù fúnra rẹ̀, ohun tí kì í ṣe. Ó ní, "Ewé ti dé."

Mo wà lọ́dọ̀ wọn nígbà tí Mùsílímátù ń di ẹrù rẹ̀. Balqees dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Mọ́mì, nítorí ewé lásán!"

"Mo fẹ́ lọ tọ́ ọ wò ni."

"Ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa sọ kí ẹ tó dé ibẹ̀."

"N ò mọ̀ ọ́n. Bí iyọ̀ bá wà níbẹ̀, màá kó bàbá rẹ wá kí oòrùn tó wọ̀. Kúrò lọ́nà."

"Bí kò bá sí iyọ̀ ńkọ́? Ṣé iyọ̀ ni ó la ilẹ̀ ni?"

Ìyá rẹ̀ gbé ẹrù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Balqees yíjú sí mi. Ó ní, "Bàbá Tìmílẹ́hìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn lọ. Ẹ fi ojú yín wò ó."

Mo bá a lọ. A gba ọ̀nà Ìtókín, a dé Ẹ̀pẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Bísíríyù, Zikrullah àti àwọn ará ilé ti dúró sí ẹ̀yìnkùlé. Mùsílímátù kò jókòó. Ó gba inú ilé já sí ẹ̀yìn, ó ká ìró, ó wọ omi. Ó fi ọwọ́ ti ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bu omi sẹ́nu. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbé e mì.

Ó ní, "Ó dùn."

Zikrullah pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Mo wí bẹ́ẹ̀! Ẹ máa bọ̀ nílé, Ìyàwó wa. Ọ̀sà ò kúrò lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni rí."

Mùsílímátù lọ wo ibi tí ilẹ̀ ti sán. Òjò ti gbá ẹrẹ̀ dí i. Koríko ti ń hù lórí rẹ̀. Ààrò dúró bí ó ti wà. Mo rí i pé ara tù ú. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Kò change. Vary ni."

"Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn?"

"A ò lọ ibì kankan."

Bísíríyù mi orí. Ó lọ kó igi ìdáná wá sídìí ààrò.

Èmi ń wo ọkọ̀ mi. Mo máa ń wo ọkọ̀ tí mo bá kàn. Bísíríyù so ó mọ́ ọ̀pá kan tó rì sínú omi. Mo mọ ọ̀pá tó ń lò tẹ́lẹ̀, èmi ni mo gé e. Eléyìí kọ́.

Mo ní, "Ọ̀pá rẹ ńkọ́?"

"Kò kanlẹ̀ mọ́. Mo ti wá èyí tó gùn jù ú lọ."

"Èéṣe?"

"Omi pọ̀ lọ́dún yìí."

Òkúta wà ní ibi tí wọ́n ń gúnlẹ̀ sí. Ewédò máa ń hù sára rẹ̀ dé ibi tí omi bá dé. Mo wò ó. Omi kò tíì dé ibi tí ewédò ọdún tó kọjá dé. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Omi ò pọ̀. Ẹ wo òkúta. Ìsàlẹ̀ omi ni ó ti jìn sí i, yanrìn ibẹ̀ ti lọ."

Zikrullah ní, "Ẹ gbà mí! Ará Ìkòròdú fẹ́ kọ́ ará Ẹ̀pẹ́ ní omi. Bàbá, ẹ jẹ́ ká fún yín ní ẹja obòkun, kí ẹ máa lọ sílé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mùsílímátù kò rẹ́rìn-ín. Ó wo òkúta, ó wo ọ̀pá. Ó wá wo ọkọ rẹ̀ tó ń to igi. Ó sọ fún mi ní ohùn kékeré pé, "Mo ti sọ ọ́ lójú gbogbo ilé."

Wọ́n fún mi ní obòkun. Mo lọ sílé. Mo sọ ohun tí mo rí fún Balqees, kò sì fi ọ̀kankan pamọ́ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ìyá rẹ̀ ní òun ti gbọ́. Ó ní bí òun bá kó ọ̀rọ̀ náà jẹ lónìí, ta ni yóò gba òun gbọ́ lọ́dún tó ń bọ̀? Ó ní kí òjò lọ ná.

Òjò kò lọ. Ọkọ̀ yanrìn náà kò lọ. Mùsílímátù bẹ̀rẹ̀ sí í pe èmi náà, ó sì máa ń sọ nǹkan fún mi bí ẹni pé kò ja mọ́ nǹkan. Igi àgbọn ti ń tẹ̀ sójú omi. Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn kò padé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó gbé agbọ̀n ẹja sílẹ̀, agbọ̀n náà yí lọ sí ìdí ààrò.

Mo ní, "Sọ fún un kí ẹ kúrò."

"Màá sọ."

Ní ọjọ́ Alámísì kan, a wà ní kíláàsì, fóònù Tíṣà dún. Ó rí orúkọ Mùsílímátù, ó fi í sí ibi tí gbogbo wa ti lè gbọ́. Àwọn kan kí i, wọ́n ní ta ni kó wá máa bá àwọn fi ọkọ Balqees ṣẹ̀fẹ̀ báyìí. Ó dáhùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Tíṣà, ohun tó ń vary, ṣé ó lè wá change?"

Tíṣà ní, "Ó lè ṣẹlẹ̀, Màmá. Ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ lè lọ kó má bọ̀ mọ́."

"Ta ni ó máa ń sọ fúnni?"

"Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́." Ó sún mọ́ fóònù náà. "Màmá, ilé yẹn ni? Ẹ jáde níbẹ̀. Ẹ jáde lónìí."

À ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ yanrìn náà lọ́hùn-ún.

Ó ní, "Ọ̀la ni Jímọ̀. Bí wọ́n bá kírun tán, màá kó ọ̀rọ̀ mi jẹ lójú gbogbo wọn. Màá sọ fún Bàbá Balqees."

Mùlíkátù ní, "Àmín." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀ Jímọ̀ náà, Mùsílímátù gbé ẹja lọ sí ọjà. Ẹja tó ti yan ni, ó fẹ́ tà á tán kí wọ́n tó kó ẹrù. Bísíríyù ti pẹja dé. Ó ní òun yóò sùn díẹ̀ kí òun tó wẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Yàrá ẹ̀yìn ni ó sùn sí, ibẹ̀ ni atẹ́gùn máa ń fẹ́ sí.

Zikrullah ni ó rí i. Òun ni ó sọ ọ́ fún mi. Ó ní kò sí ariwo. Igi àgbọn ni ó kọ́kọ́ lọ. Kò wó, ó kàn rì lóòró, bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ààrò tẹ̀ lé e, iná ṣì wà nínú rẹ̀, omi sì gbà á, èéfín bo gbogbo ibẹ̀. Nígbà tí èéfín náà ká, yàrá ẹ̀yìn kò sí mọ́. Yàrá iwájú dúró, aṣọ ilẹ̀kùn rẹ̀ ń fẹ́.

Àwọn tó máa ń mòòkùn lọ sísàlẹ̀ omi láti fi bókẹ́ẹ̀tì wa yanrìn ni wọ́n wá a. Wọ́n rí i. A sin ín kí Àsárì tó kọjá. Kí a tó sin ín ni Mùsílímátù ti dé láti ọjà pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo lórí, ó bá èrò. Wọ́n ní kò ké. Ó bi wọ́n pé yàrá wo. Wọ́n sọ fún un. Ó sọ agbọ̀n náà kalẹ̀.

A lọ síbi fídáù ọjọ́ kẹjọ, èmi àti Adéòjó àti Mùlíkátù. Àwọn áfáà gbàdúrà. Wọ́n pín oúnjẹ. Balqees ti di ẹrù ìyá rẹ̀ sínú mọ́tò. A ń dúró dè é kí a jọ lọ.

Kò wá sí mọ́tò. Ó lọ sí ilé Zikrullah. Ògiri ilé náà ti kan etí ibi tí ilẹ̀ ti já, ọkọ̀ yanrìn sì ń fà lọ. Zikrullah ń bá àwọn àlejò jẹun lórí ẹní. Mùsílímátù wọlé, ó gbé agbọ̀n ẹja kan, ó gbé e jáde sí títì. Ó padà wọlé, ó gbé ìkòkò.

Zikrullah ní, "Ìyàwó wa, kí lẹ ń ṣe?"

Ó gbé àwọ̀n.

"Ẹ fi ẹrù mi sílẹ̀! Ṣé ẹ̀yin náà kọ́ lẹ tọ́ ọ wò? Ẹ̀yin lẹ ní ó dùn!"

Ó ní, "Ó dùn. Dìde."

"N ò dìde. Bàbá mi ni ó kọ́ ilé yìí."

Àwọn kan fẹ́ dá Mùsílímátù dúró. Balqees ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, òun náà sì wọlé, ó gbé àpótí. Mùlíkátù tú gèlè rẹ̀, ó fi di ìkókó Zikrullah sẹ́yìn, ó gbé e lọ sí apá kejì títì. Adéòjó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gba orí kan bẹ́ẹ̀dì mú, mo gba orí kejì.

Zikrullah kò dìde. Ó ń bú wa, ó ń jẹun. Ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Mùsílímátù padà wọlé lọ, ó di etí ẹní tí Zikrullah jókòó lé mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.